Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwọn Ìwé Ìtàn Àròsọ tó Ń Tún Ìtàn Àwọn Obìnrin Gíríìsì Àtijọ́ Sọ

Irú ìwé wo gan-an ni à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?

Àwọn ìwé ìtàn àròsọ òde òní ni, nínú èyí tí òǹkọ̀wé ti mú obìnrin kan láti inú ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì, tí ó sì jẹ́ kí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọkùnrin ni àwọn ìtàn náà máa ń tẹ̀ lé látijọ́: Achilles ni inú bí, Odysseus ni ó ń wá ọ̀nà ilé, Perseus ni ó gé orí Medusa. Obìnrin á yọjú, á sunkún tàbí kí ó hun aṣọ, ìtàn á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ìwé yìí dúró ti obìnrin náà lẹ́yìn tí ìtàn ti fi í sílẹ̀.

Lára èyí tí a mọ̀ jù ni *The Penelopiad* ti Margaret Atwood, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, tó jáde ní ọdún 2005. *Circe* ti Madeline Miller àti *The Silence of the Girls* ti Pat Barker, tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 2018. *A Thousand Ships* ti Natalie Haynes ní ọdún 2019. *Ariadne* ti Jennifer Saint ní ọdún 2021. Àti *Clytemnestra* ti Costanza Casati ní ọdún 2023.

Ṣé nǹkan tuntun ni? Àwọn kan ní ayé òde òní ló ń ba ìtàn àtijọ́ jẹ́.

Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Euripides gbé *Medea* sórí ìtàgé ní Athens ní ọdún 431 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì gbé eré mìíràn síbẹ̀ ní ọdún 415, lórí àwọn obìnrin Troy, ìlú tí àwọn Gíríìkì ṣẹ́gun nínú ìtàn, tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní Róòmù, Ovid kọ odidi ìwé kan tó jẹ́ kìkì lẹ́tà tí ó ṣe bí ẹni pé àwọn obìnrin inú ìtàn ni wọ́n kọ ọ́: lẹ́tà kìíní ni Penelope kọ sí Odysseus ọkọ rẹ̀, ẹ̀kẹta ni Briseis kọ sí Achilles. Ní ìgbà tiwa, Christa Wolf, tí ó gbé ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ti kọ *Kassandra* ní ọdún 1983 kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ lókè tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn kò ní ẹ̀dà ìtàn kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọkùnrin ni Euripides àti Ovid, ọkùnrin náà ni ó sì máa ń wọ aṣọ obìnrin, tí ó ń de ìbòjú, láti ṣe Medea lórí ìtàgé Athens.

Bí obìnrin náà kò bá fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìtàn àtijọ́, níbo ni òǹkọ̀wé ti ń rí ohun tí ó ń kọ?

Nínú ìtàn àtijọ́ náà ni, bí ènìyàn bá fara balẹ̀ kà á. Ẹ jẹ́ kí a wo Briseis. Nínú *Iliad*, ewì Homer tí ìlà rẹ̀ lé ní 15,000, orí rẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé Agamemnon, olórí ogun àwọn Gíríìkì tó dó ti Troy, gbà á lọ́wọ́ Achilles, akọni wọn tó ti kó o lẹ́rú. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Homer fi sọ bí ó ṣe rí lára rẹ̀: ó ní ó ń lọ láìfẹ́. Lẹ́yìn èyí, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di ìwé kọkàndínlógún, ohun tí ó sì sọ níbẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rìnlá lọ.

Òkú Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles, ni ó ń sunkún lé lórí. Nínú ìlà mẹ́rìnlá yẹn ni a ti gbọ́ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ọkọ rẹ̀ níwájú odi ìlú, pé àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, kú pẹ̀lú, àti pé Patroclus ni ó máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tí ó ń ṣèlérí pé òun yóò mú kí Achilles sọ ọ́ di ìyàwó tòótọ́. Achilles yìí kan náà ni ó pa ọkọ rẹ̀. Ìtùnú tí wọ́n rí fún un ni pé kí ó fẹ́ ẹni tó sọ ọ́ di opó. Bí ó ti dákẹ́, Homer ní àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́kún. Patroclus ni wọ́n ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹkún ara rẹ̀ ni kálukú wọn ń sun. Ẹni tó bá ti jókòó nílé òkú rí mọ ẹkún yẹn.

Orí ìlà mẹ́rìnlá yìí ni Pat Barker gbé odidi ìwé lé. Ó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí Ogun Àgbáyé Kìíní kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Briseis, ọ̀kan nínú wọn sì gba ẹ̀bùn Booker ní ọdún 1995, nítorí náà ó mọ bí ojú ọgbẹ́ ṣe máa ń rùn àti bí àwọn ọmọ ogun ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìjà bá dáwọ́ dúró díẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Briseis ń ṣiṣẹ́ nínú àgọ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ó ń po egbòogi, ó sì ń fọ ọgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó jó ìlú rẹ̀ níná. Àwọn òǹkàwé kan kò fẹ́ràn bí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Kò dà mí láàmú ní tèmi. Ogun tó ti di ìtàn tipẹ́tipẹ́ ni Homer náà ń ròyìn.

Ta ni àwọn ìránṣẹ́bìnrin méjìlá tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí?

Ìdáhùn yìí yóò gùn díẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni mo rò pé a ti lè fi mọ ìwé tó jinlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn pa ojú dà.

Nínú *Odyssey*, ewì Homer kejì, Odysseus padà láti ogun Troy dé Ithaca, ìlú rẹ̀, lẹ́yìn ogún ọdún, ó bá ọkùnrin 108 nílé rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń du Penelope aya rẹ̀. Ó pa wọ́n tán. Lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn méjìlá kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé, tí wọ́n ní wọ́n ń bá àwọn ọkùnrin náà sùn. Kí wọ́n tó pa wọ́n, wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé òkú jáde, kí wọ́n sì fi omi àti kànìnkànìn nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára tábìlì àti àga. Idà ni Odysseus ní kí wọ́n fi pa wọ́n. Telemachus, ọmọ rẹ̀, ní irú ikú bẹ́ẹ̀ ti dára jù fún wọn. Ó mú okùn ọkọ̀ ojú omi, ó ta á, ó sì so wọ́n rọ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Homer fi wọ́n wé àdàbà tó ń lọ wọ̀ sí ibùsùn tí ó kó sí ìdẹkùn. Ó ní ẹsẹ̀ wọn ta fún ìgbà díẹ̀, kò sì pẹ́.

Atwood ní ibi tí wọ́n ti so wọ́n rọ̀ yìí kò jẹ́ kí òun sinmi. Ó sọ àwọn méjìlá náà di elégbè nínú ìwé rẹ̀: Penelope á ròyìn tirẹ̀ láti ọ̀run, àwọn á sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orin, pẹ̀lú ijó, títí kan ibi tí wọ́n ti gbé Odysseus lọ sí ilé ẹjọ́. Ohun tó mú kí ìwé náà ta yọ lójú mi ni pé kò gbe Penelope. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ni wọ́n ń bá a tú aṣọ tí ó ń hun ní òru kí ó má baà parí, nítorí ó ti ní bí ó bá parí ni òun yóò tó fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà. Òun náà ni ó rán wọn sáàárín àwọn ọkùnrin láti lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n ń pa wọ́n, ó ń sùn. Penelope lè jẹ́ ẹni tí ọkùnrin rẹ́ jẹ, kí ó sì tún jẹ́ ọ̀gá tí àwọn ọmọbìnrin kú nídìí iṣẹ́ tí ó rán wọn.

Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní èdè Gíríìkì, kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ tí Telemachus fi pè wọ́n níbẹ̀. Bí ẹni sọ pé “àwọn yìí” ni, tí ó sì jẹ́ pé obìnrin ni. Àwọn kan nínú àwọn ọkùnrin tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fi “aṣẹ́wó” kún un láti inú ara wọn. Emily Wilson, obìnrin àkọ́kọ́ tó tẹ ìtumọ̀ odidi *Odyssey* jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2017, yọ èébú náà kúrò, ó sì pè wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ́: ẹrú. Mo gbà pé èmi náà jẹ̀bi díẹ̀, nítorí pé “ìránṣẹ́bìnrin” ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ àti ìránṣẹ́ lè padà sílé ìyá wọn bí ó bá sú wọn. Àwọn wọ̀nyí kò ní ibi tí wọ́n ń padà sí. Ẹrú kò sì ní ẹnu tí ó lè fi kọ̀ fún ọkùnrin tó jẹ́ àlejò ọ̀gá rẹ̀.

Ṣé àjẹ́ ni Circe?

Ọ̀rọ̀ tí Homer fi ń pè é ń sọ pé oògùn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. *Pharmakon* ni Gíríìkì ń pe oògùn, ọ̀rọ̀ náà sì fi ohun gbogbo jọ tiwa: oògùn tí ń wo ibà, oògùn tí ń pa ènìyàn, oògùn tí a fi ń sọ ẹni di nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ronú kí wọ́n tó yan èyí tí wọn yóò lò; àwa kò ní láti ronú rárá. Olóògùn ni Circe. Àjẹ́ ní tiwa, inú ara ni a gbà pé agbára rẹ̀ wà, kò nílò kí ó gún nǹkan lódó. Ṣùgbọ́n Circe ti inú *Odyssey* po wàrà dídì, ìyẹ̀fun ọkà bálì, oyin àti ọtí wáìnì pọ̀, ó da oògùn sí i, ó gbé e fún àwọn ọmọ ogun Odysseus, wọ́n mu ún, ó fi ọ̀pá nà wọ́n, wọ́n sì di ẹlẹ́dẹ̀.

Homer kò sọ ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Madeline Miller, tí ó ti kọ́ni ní èdè Látìn àti Gíríìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ̀rẹ̀ láti ibi àìsọ yìí. Nínú *Circe*, ọmọ òòṣà oòrùn ni, ohùn rẹ̀ dà bí ti ènìyàn, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n lé e lọ sí erékùṣù kan, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ oògùn. Mo fẹ́ràn ibi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ju ibi tí àwọn òòṣà ti ń jà lọ: ó ń já ewé, ó ń sá a, ó ń gún un, kò jẹ́, ó tún un ṣe. Nígbà tí àwọn atukọ̀ kan dé, tí ó fún wọn ní oúnjẹ, tí olórí wọn sì fi ipá bá a lò pọ̀, ni ó di ẹni tó ń sọ ọkùnrin di ẹlẹ́dẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí bí a ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é bí ẹni fẹ́ pe ṣọ́ọ̀ṣì. Kirke ni àwọn Gíríìkì ń pè é, tí ó sún mọ́ Kíkẹ́ débi pé ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Medusa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹranko abàmì ni?

Ẹ̀dà méjì ni ó ṣe kókó. Nínú ti Hesiod, akéwì Gíríìkì àtijọ́, tó pẹ́ jù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí a bí bẹ́ẹ̀ ni, òun nìkan ni ó sì lè kú nínú wọn. Nínú ti Ovid, ní nǹkan bí ọdún 8 lẹ́yìn ìbí Kristi, ọmọge arẹwà ni, òòṣà òkun fi ipá bá a lò pọ̀ nínú tẹ́ńpìlì òòṣà obìnrin kan, obìnrin náà sì fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ yẹn jẹ Medusa, ó sọ irun rẹ̀ di ejò. Natalie Haynes, nínú *Stone Blind* ti ọdún 2022, so méjèèjì pọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì tí kò lè kú ni wọ́n tọ́ ọ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọn kò sì mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ tó lè kú. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n bí ó bá sùn. Lẹ́yìn tí Perseus ti gé orí rẹ̀, orí náà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ṣé gbogbo obìnrin náà ni wọ́n ń sọ di ẹni rere?

Àwọn ìwé tí kò lágbára ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sú mi. Ẹ wo Clytemnestra. Agamemnon ọkọ rẹ̀ fi Iphigenia ọmọ wọn rúbọ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ fún ọkọ̀ ogun. Nígbà tí ó padà láti Troy, Clytemnestra pa á. Ìbínú ìyá yé gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kan náà ni ó pa Cassandra, ọmọbìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti Troy, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí mo bá gbé ìwé kan tó sọ nípa rẹ̀, ojú ewé tí Cassandra ti kú ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Òǹkọ̀wé tó bá sáré kọjá níbẹ̀ ń purọ́ fún wa.

Ti Medea, tí Euripides ní ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn ọmọ rẹ̀, tún yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀dà ìtàn àtijọ́ kan wà tó sọ pé àwọn ará Corinth ni wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe òun. Ẹ̀dà yẹn ni Christa Wolf tẹ̀ lé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1996, nítorí náà a kò lè sọ pé ó kàn fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ tó báyìí láàárín ọdún díẹ̀?

Àṣeyọrí àwọn ìwé ọdún 2018 ni, pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ #MeToo ti ọdún 2017, tí àwọn obìnrin fi ń sọ̀rọ̀ síta nípa ìfipábánilòpọ̀ àti ìfìtínà, ṣe mú kí etí ṣí sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Homer kò sì ní ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ó ti di ọjà báyìí: orúkọ obìnrin kan lójú ìwé, àwọ̀ wúrà lára rẹ̀.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ka Homer kí n tó kà wọ́n?

Kò pọn dandan. *Circe* àti *Ariadne* sọ gbogbo ohun tí ẹ nílò. *The Penelopiad* nìkan ni ó ro pé ẹ ti mọ ìtàn náà, kò sì ju kí ẹ ka ìwé kejìlélógún *Odyssey* lọ.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti mú irú ìtàn yìí wá sí ilẹ̀ Yorùbá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eré oníṣe ni, kì í ṣe ìtàn àròsọ. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú eré Euripides lórí àwọn obìnrin Troy, ó gbé e wá sí Òwu lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn tó sá wá láti Ọ̀yọ́ ti pa ìlú náà run. *Women of Owu* ni ó pè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2004, ó sì di ìwé ní ọdún 2006. Hecuba, olorì Troy nínú eré Euripides, di Erelú Àfin, olorì tó jókòó sójú ilẹ̀ níwájú ìlú tó ń jó, tí ó ń retí ọ̀gágun tí wọn yóò pín òun fún. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin náà bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kò tó mọ́, orin arò ní Yorùbá ni wọ́n ń bọ́ sí. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun ní ìdáǹdè ni àwọn mú wá. Ogun Iraq, tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìdáǹdè ni àwọn mú lọ, kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, ẹni tó jókòó ní gbọ̀ngàn eré náà yóò gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ó ti kọ *Tegonni* ṣáájú, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Nínú rẹ̀, Antigone fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin inú ìtàn Gíríìsì tó tako àṣẹ ọba kí ó lè sin òkú arákùnrin rẹ̀, rin ìrìn-àjò wá bá ọmọbìnrin Yorùbá kan tí ó wà lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, láti wò bóyá ó ní ọkàn tí ó fi lè ṣe ohun tí òun ṣe.

Ṣé ọmọdé lè kà wọ́n?

Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́rìndínlógún ní ti Barker. Ìfipábánilòpọ̀ àti ìpakúpa ni ogun Troy jẹ́ fún àwọn obìnrin, kò sì bò ó.

Obìnrin wo ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ kí wọ́n kọ odidi ìwé fún?

Eurycleia ni. Laertes, bàbá Odysseus, fi iye ogún màlúù rà á nígbà tí ó ṣì wà lọ́mọge. Òun ni ó gbé Odysseus jòjòló, òun náà ni ó gbé Telemachus. Gbogbo ènìyàn rántí ìgbà tí ó ń fọ ẹsẹ̀ àlejò kan tó wọ àkísà, tí ọwọ́ rẹ̀ kan àpá tí ìmàdò ṣe sí i nígbà èwe, tí ó fi mọ ẹni tí ó jẹ́, tí ẹsẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú bàsíà, tí omi dànù. Ènìyàn kì í sábà rántí pé lójú ẹsẹ̀ ni Odysseus fún un lọ́rùn, tí ó ní bí ó bá sọ̀rọ̀, òun yóò pa á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Lọ́fun tí wọ́n dì mú yẹn ni ó ti fèsì pé òun yóò dákẹ́ bí òkúta, pé bí ó bá sì tó àkókò, òun yóò ka orúkọ àwọn ẹrúbìnrin tó ṣe àìdáa fún un. Kò tíì bi í.

Nígbà tí ó wá bi í, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti kún fún ẹ̀jẹ̀, ó dáhùn. Ó ní àádọ́ta ni àwọn obìnrin tó wà nínú ilé, pé àwọn ni àwọn kọ́ wọn ní iṣẹ́, bí a ṣe ń tú irun àgùntàn àti bí a ṣe ń fara da ẹrú. Lẹ́yìn náà ni ó ka méjìlá sọ́tọ̀.